Pápákọ̀ Òfurufú Tó Gba Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́ Láyè, fún Ẹni Tó Ń Gbéra Láti Ilẹ̀ Ọkùn

Láti Kábà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kogi, kò sí ìlú tí a ti ń wọ bàálù. Orí ọ̀nà mọ́tò ni ó ti ń kọ́kọ́ rẹ ọmọ. Ará Ẹ̀gbẹ̀ lè gba Omù-Àrán dé Ìlọrin, kó ti ibẹ̀ wọ bàálù lọ sí Èkó tàbí Àbújá. Ará Kábà á gba Ọbájànà bọ́ sí Lọ́kọ́ja, á kọjá Àbájì àti Gwagwaládà, á sì yà ní Gírì. Kò nílò láti wọ àárín ìlú Àbújá kó tó dé pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe. Tírélà sìmẹ́ǹtì lè dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà yìí, a kò sì gba ẹnikẹ́ni tó gbé ọmọ dání nímọ̀ràn kó rìn ín lóru. Ẹ kúrò nílé ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sùn ní Gwagwaládà. Owó yàrá alẹ́ kan kò tó owó tíkẹ́ẹ̀tì tó jóná.

Tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má wo iye owó nìkan. Ẹ wo pápákọ̀ tí ẹ ó ti pààrọ̀ bàálù. Istanbul, tí Turkish Airlines ń gbé èèyàn lọ láti Àbújá, ní kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n ń yá èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì wúlò gan-an torí pé ìrìn inú ibẹ̀ gùn. Schiphol ní Amsterdam ní yàrá ìtọ́jú ìkókó, pẹ̀lú ibùsùn kékeré àti ibi ìwẹ̀. Dubai ní káńtà ìwé ìrìnnà fún àwọn ọmọdé ní Terminal 3, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ ìlú ló wà fún. Ẹni tó kàn ń kọjá kò ní débẹ̀. Changi ní Singapore ní ọgbà labalábá àti ibi tí ọmọdé ti ń yọ̀ wálẹ̀ ṣeré, tó ga ní mítà 12. Ó dùn mọ́ ọmọ, àmọ́ omi, tábìlì ìpààrọ̀ ìlédìí àti ìrìn kúkúrú ṣe pàtàkì ju eré lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2018: ó sọ ọ́ di dandan fún pápákọ̀ ńlá àti alábọ́dé láti ní yàrá ìfọ́mọlọ́yàn tí kì í ṣe ilé ìyàgbẹ́, kí tábìlì ìlédìí sì wà nínú ó kéré tán ilé ìyàgbẹ́ ọkùnrin kan àti ti obìnrin kan. Baba ọmọ náà kò ní àwáwí mọ́.

Ẹ fi wákàtí 3 sí àárín bàálù méjì. Wákàtí 1 kò tó, torí ọlọ́mọ ló sábà máa ń jáde kẹ́yìn, wọ́n sì tún máa ń yẹ ẹrù wò ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Wọ́n á gbà á lẹ́nu bàálù, wọ́n á so táàgì mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ ìlú tí ẹ ń lọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ kò ní rí i níbi ìpààrọ̀. Ẹ béèrè ní káńtà, kí ẹ sì mú ọ̀já dání. Wọ́n lè ní kí ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ níbi àyẹ̀wò, orí itan ló sì máa wà nígbà tí bàálù bá ń gbéra, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Omi tó ju mílílítà 100 kì í sábà kọjá, àmọ́ wọ́n ń fàyè gba wàrà ọmọ, omi tí ẹ ó fi pò ó àti ẹ̀kọ ọmọ tó mọ níwọ̀n ìrìnàjò. Ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n tó béèrè.

Ìkókó gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí. Tí òbí kan ṣoṣo bá ń rìn, kó mú lẹ́tà ìfọwọ́sí èkejì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó lórí itan, ṣùgbọ́n tó bá pé 2 kí ẹ tó padà, ẹ ó ra àga fún un ní ìpadàbọ̀.

Ẹ béèrè ibùsùn ìkókó tí wọ́n ń so mọ́ ògiri bàálù lọ́jọ́ tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọn kò pọ̀, wọ́n sì ní ìwọ̀n tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ wúwo jù. Tí bàálù bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, bí ìṣẹ́jú 30 kó tó balẹ̀, ẹ jí ọmọ, kí ẹ fún un lọ́mú tàbí ìgò. Gbígbé mì ló ń ṣí etí tó dí.