Nígbà Tí Apá Ẹ̀rọ Bá Le: Àbùkù Tó Wọ́pọ̀ Nínú Títún Kátíríìjì Kì Nílé

Ẹni tó bá ń tún kátíríìjì, ìyẹn ọta ìbọn tí a ti yìn, kì nílé, bí àwa kan ṣe ń ṣe ní Texas níbi tí òfin ti fàyè gbà á fún ìlò ara ẹni, yóò tètè mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀ kì í ṣàdédé le lọ́wọ́. Bí apá ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, nǹkan kan ló fà á, ojúṣe wa sì ni kí a dúró, kí a wá nǹkan náà rí, kí a má ṣe fi agbára kún agbára. Lójú tèmi, òróró tí kò tó, ìdọ̀tí, àti dáì (irin oníhò tí ìkarahun ọta ń wọ inú rẹ̀) tí a kò gbé sí ipò tó yẹ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìṣòro tí àwọn ènìyàn máa ń kà sí ẹ̀rọ lọ́rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á láti ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé òfin ìbọn ọdún 1959 ní Nàìjíríà kò gba aráàlú láàyè láti máa ṣe ọta fúnra rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni mò ń sọ. Níhìn-ín pàápàá, ẹni tó bá fẹ́ máa kì ọta fún títà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀.

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di kátíríìjì kan: ìkarahun idẹ, práímà tó wà ní ìdí rẹ̀ tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, ẹ̀tù fúnra rẹ̀, àti orí ọta tó ń jáde lọ. Nígbà tí a bá ti yìn ín, ìkarahun a wú díẹ̀, a ó sì fi dáì irin fún ara rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi padà sí ìwọ̀n tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ṣóńṣó irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàrin dáì náà yóò ti práímà tó ti jó jáde.

Ibí yìí gan-an ni wàhálà ti pọ̀ jù. Ìkarahun ìbọn gígùn bíi ti .308 Winchester ní èjìká àti ọrùn, gbogbo ara rẹ̀ ló sì ń fara kan irin bó bá ti wọ inú dáì. Bí òróró kò bá tó lára rẹ̀, idẹ á lẹ̀ mọ́ irin, nígbà tí a bá sì fẹ́ fà á jáde, ohun tó di ìdí rẹ̀ mú á fa etí ìkarahun ya, ìkarahun á sì há sínú dáì pátápátá. Ẹ má ṣe fi òòlù lù ú, ẹ má sì fi iná sí i. Ẹ tú dáì kúrò lórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì tú ọ̀pá àárín rẹ̀ sókè títí yóò fi jìnnà sí ìdí ìkarahun. Nígbà tí ó bá ti dá yín lójú pé kò sí práímà kankan nínú rẹ̀, ẹ fi dáì náà sínú fáìsì, irinṣẹ́ tó ń di nǹkan mú gírí, kí ẹ fi dírílì lu ihò práímà náà fẹ̀, kí ẹ sì gé ojú bóòtù (ìlà yíyípo tí bóòtù ń tẹ̀ lé wọlé) sínú ihò ọ̀hún. Bóòtù oní-ìdámẹ́rin ìǹṣì tó ní ojú 20 sí ìǹṣì kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ẹ gbé nọ́ọ̀tì ńlá kan tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí ìkarahun lọ lé orí dáì, ẹ fi wáṣà bò ó, kí ẹ wá máa yí bóòtù náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ ti ń yí i ni ìkarahun náà yóò máa gòkè bọ̀, tí yóò fi já bọ́ láìpa dáì lára.

Ṣùgbọ́n kí a tó tún dáì náà lò, ó yẹ kí a fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Idẹ tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ni yóò máa fa ìlà gígùn sí ara gbogbo ìkarahun tó bá tẹ̀lé e. Bí òróró bá sì pọ̀ jù, àbùkù mìíràn ni yóò dé: òróró náà kò ní rí ibi sá gbà, yóò sì tẹ èjìká ìkarahun wọnú. Ìtẹ̀wọlé kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣe ewu, ó máa ń nà padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí a bá tún yìn ín, àmọ́ ó ń sọ fún wa pé kí a nu dáì, kí a sì dín òróró kù. Ní ti igbe tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí apá ẹ̀rọ bá ń padà lọ, inú ọrùn ìkarahun ló gbẹ. Ìyẹ̀fun graphite, irú nǹkan dúdú inú pẹ́ńsù, díẹ̀ ti tó o.

Bí ṣóńṣó irin àárín dáì bá ń ṣẹ́, ẹ wo inú ìkarahun náà dáadáa. Ó lè jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ láti ilẹ̀ ibi ìyìnbọn ló wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé irú ti Berdan ni. Hiram Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Edward Boxer, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí práímà wọn ní ọdún 1866, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà gbà lò, tí ti ọmọ Amẹ́ríkà sì gbilẹ̀ ní Yúróòpù. Ti Boxer ní ihò iná kan ṣoṣo láàrin, ti Berdan sì ní méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ṣóńṣó kò lè rí ọ̀nà gbà.

Bí práímà tuntun bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má ṣe tì í tipátipá, nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó ń mú un bú. Ó lè jẹ́ pé èéfín tó dì ló kún ààyè rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ìkarahun ológun, tí ilé iṣẹ́ máa ń tẹ etí ààyè náà mọ́ práímà kí ó má baà yọ. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi irin àfigé tàbí àfitẹ̀ ṣí etí náà. Práímà tó jókòó dáadáa máa ń wọ ìsàlẹ̀ ìdí ìkarahun díẹ̀, bí 0.003 sí 0.005 ìǹṣì, ìka ọwọ́ sì lè mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá yọ síta lè kọ̀ láti bú, nínú àwọn ìbọn kan ó sì lè bú kí á tó fa nǹkan kan. Gíláàsì ààbò kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ní gbogbo àkókò yìí.

Òṣùwọ̀n ni mo fura sí jù nínú gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí. Gréènì ni a fi ń wọn ẹ̀tù, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú páùn kan, èyí tó túmọ̀ sí pé gréènì kan kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 65 lọ. Atẹ́gùn láti inú ẹ̀rọ amúlétutù tó láti yí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ padà. Òṣùwọ̀n oníná lè máa sún díẹ̀díẹ̀ nítorí pé kò tíì gbóná tó, nítorí bátìrì tó ti ń kú lọ, tàbí nítorí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní títàn fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ sì ní irin ìdánwò tí ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ iye ẹ̀tù tí ẹ fẹ́ wọ̀n, kì í ṣe èyí tó wúwo gidi tó bá òṣùwọ̀n wá nìkan. Òṣùwọ̀n àtijọ́ tó ń lo ọ̀pá lọ́ra, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí eruku kò bá sí ní ibi tí ọ̀pá rẹ̀ jókòó sí, mo fọkàn tán an ju ti oníná lọ.

Ẹ̀rọ tó ń bu ẹ̀tù náà ní ìwà tirẹ̀. Ẹ̀tù ìbọn gígùn kan rí bí ìgbálẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, ó sì máa ń dábùú ara rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí kò fi ní sọ̀ kalẹ̀ tán. Ìkarahun kan yóò gba díẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e yóò sì gba tirẹ̀ mọ́ àjẹkù ti àkọ́kọ́, ìyẹn ló sì léwu. Ẹ to gbogbo ìkarahun sórí pákó, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gíga ẹ̀tù inú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí orí ọta tó wọlé. Pẹ̀lú ọta ìbọn ìléwọ́ 9mm, tí ẹ̀tù rẹ̀ kéré tí ìlọ́po méjì fi lè wọ inú ìkarahun kan náà, mi ò mọ ohun tí a lè fi rọ́pò àyẹ̀wò yìí.

Ó ku dáì tí a yí wálẹ̀ jù. Ó ń ti èjìká ìkarahun sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, ìkarahun á wá máa nà ní gbogbo ìgbà tí a bá yìn ín, títí ara rẹ̀ yóò fi tín-ín-rín lókè ìdí. Ìlà dídán kan á yọ yípo níbẹ̀, bí a bá sì fi wáyà tín-ín-rín tí a tẹ̀ ní ṣóńṣó họ inú rẹ̀, yóò kọ́ sí ojú kòtò náà. Ẹ yí dáì sókè díẹ̀, kí ẹ dè é le. Ìkarahun tó ti ní irú kòtò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Pláyà ni mo fi ń tẹ ẹnu rẹ̀ pa kí n tó jù ú sínú garawa idẹ àlòkù, kí ẹlòmíràn má baà ṣèèṣì mú un kì.