Ìrora tó ń ti ìdí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tí ìrora ń ti ìdí fà yín dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni, mi ò sì fẹ́ kí n gbàgbé bó ṣe rí kí n tó kọ ọ́.

Àárọ̀ ló burú jù. Ẹ bá sín lẹ́ẹ̀kan péré, ìrora á ta láti ìdí, á gba ẹ̀yìn itan, á gba ojúgun, ó di ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ò ṣeé wọ̀. Ìjókòó ò gbà, ìdúró ò gbà. Ará ilé á ní jẹ̀dí ni, kí ẹ yé jẹ nǹkan dídùn. Kì í ṣe jẹ̀dí o.

Láàárín egungun ọ̀pá ẹ̀yìn kan sí èkejì ni dískì wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ya, ti inú á yọ síta, á tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Méjì tó wà nísàlẹ̀ ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí dókítà ń kọ ní L4/L5 àti L5/S1. Ìbàdí ló bàjẹ́, ẹsẹ̀ ló ń ké. Dískì máa ń fa omi mu lóru, ó sì máa ń wú. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi ìgbálẹ̀ kúkúrú gbálẹ̀ ní wákàtí kan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. X-ray ò lè fi dískì hàn yín, egungun ló ń yà.

Ẹ̀kọ́ tó ju gbogbo ẹ̀kọ́ lọ lójú tèmi nìyí: ẹ máa ṣọ́ ibi tí ìrora ń lọ, ẹ má wo bó ṣe le tó nìkan. Eré ìdárayá tí ẹ ó fi ṣọ́ ọ nìyí: ẹ dojú bolẹ̀ lórí ẹní fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gbé àyà sókè fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Bí ara bá gbà á, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ara yín sókè, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀, ìgbà 10, lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì lójúmọmọ. Ìbàdí gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí ìdí sì dẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìbàdí sókè, apá ló ń lò, kò kan ẹ̀yìn. Bí ìrora bá kúrò ní ojúgun tó padà sí itan, tó ti itan padà sí ìdí, ó ń sàn nìyẹn, kódà kí ìbàdí máa dùn yín ju ti àná lọ. Bó bá tún sọ̀ kalẹ̀ sí i, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, ẹ dáwọ́ dúró kíá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní fisió, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá wo ara, ló yẹ kó sọ èyí. Ẹ lọ bá fisió, mi ò ní kí ẹ má lọ. Ohun tí òun náà máa ṣọ́ nìyẹn.

Ẹ má sùn sílẹ̀ ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ẹ máa rìn ní ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Tí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún. Ọ̀pọ̀ irú ìrora yìí ló ń lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìsí iṣẹ́ abẹ.

Abẹ́rẹ́ ìdí tí kẹ́mísìtì ń gún ńkọ́? Iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ yìí kan náà ló gba inú ìdí kọjá. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣèèṣì bà á lè sọ ẹsẹ̀ di wíwọ́. Diclofenac tó jẹ́ oògùn ìrora, ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ibuprofen tó jẹ́ irú rẹ̀, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kó kọ́kọ́ bi dókítà. Àpòpọ̀ oògùn inú ọ̀rá tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, oògùn kan tó ń jẹ́ dexamethasone lè wà nínú ẹ̀, ìyẹn sì ń gbé ṣúgà sókè, ó ń jẹ egungun. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, tàbí tó ń dà láìmọ̀, tàbí tí ojú ara àti ibi tí ẹ fi ń jókòó kú, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì rọ, ilé ìwòsàn ńlá lóru ọjọ́ náà ni. Ẹ sọ ti ojú ara yẹn síta ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ìtìjú bá mú kó sọ pé ẹ̀yìn ló ń dun òun nìkan, panadol ni wọ́n á fún un kó máa lọ sílé, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó tú iṣan tó ń di ìtọ̀ mú sílẹ̀, ó lè má padà bọ̀ sípò mọ́.