Sányán Gidi àti Sányán Àfẹnupè

Kò sí ibi tí àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ìmúra ti péjọ tí ọ̀rọ̀ aṣọ òkè kì í jẹ yọ. Ẹnìkan á béèrè bóyá ó yẹ kí ọ̀dọ́ gé agbádá rẹ̀ kúrú, ẹlòmíràn á béèrè ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí fìlà gọ̀bì tẹ̀ sí. Àwọn kan ní èyí tó bá tẹ̀ sí ọ̀tún ni ti ẹni tó ti gbéyàwó. Mo ti gbọ́ òdìkejì rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà mìíràn, nítorí náà n kò ní fi àríyànjiyàn yẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Èyí tó ká mi lára ni ti sányán, ọ̀kan nínú àwọn irú aṣọ òkè.

Àwọn bàbá wa ní sányán ni baba aṣọ. Òwú rẹ̀ ló sọ ọ́ di baba, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Lára ìtẹ́ tí àwọn kòkòrò tí onímọ̀ ń pè ní Anaphe máa ń ṣe sórí igi ni a ti ń rí òwú náà. Nítorí pé ọ̀pọ̀ kòkòrò ló ń kóra jọ sínú ìtẹ́ kan ṣoṣo, a kò lè fa okùn rẹ̀ ní gbọọrọ láìjá bí a ti ń fa sílíìkì ti Ṣáínà. Ńṣe ni wọ́n máa ń sè é nínú omi eérú títí oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ yóò fi tú, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sá a gbẹ, kí wọ́n tó wá fi ọwọ́ ran án bí a ti ń ran òwú. Àwọ̀ ilẹ̀ tó rọra pọ́n díẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Kò sí aró níbẹ̀.

Lóde òní, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ sányán jẹ́ òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n pa láró kí ó lè jọ ọ́. N kò bínú sí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn o, nítorí òwú àtijọ́ ti ṣọ̀wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú híhun rẹ̀ kò sì dín kù. Ẹni tó ń bí mi nínú ni oníṣòwò tó ń gba owó sányán gidi lórí ohun tí kì í ṣe sányán.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ gidi, ẹ gbé aṣọ náà lọ sójú fèrèsé lọ́sàn-án. Okùn tí a fi ọwọ́ ran kì í dọ́gba: á ki níhìn-ín, á tín-ín-rín lọ́hùn-ún, bí ẹ bá sì fi ìka rá a, ẹ óò kan kókó kéékèèké. Òwú ilé iṣẹ́ dọ́gba délẹ̀, dídán rẹ̀ sì máa ń ta sí ènìyàn lójú. Ẹ wo ojú rírán pẹ̀lú. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ máa ń jáde lórí òfì àtijọ́, nǹkan bí ínǹṣì 4 ní fífẹ̀, ojú rírán inú agbádá kan kò sì níye. Télọ̀ tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí ìlà iwájú àti ti ẹ̀yìn pàdé ní èjìká.

Bí owó kò bá ká sányán gidi, ẹtù, irú aṣọ òkè mìíràn, ni mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn láti rà. Òwú rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ sínú aró ẹ̀lú léraléra kí wọ́n tó hun ún, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ìlà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ á sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó yẹ ọ̀dọ́, ó yẹ àgbà. Aró rẹ̀ lè ràn mọ́ aṣọ abẹ́ nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, pàápàá ní ọrùn àti ọrùn ọwọ́, nítorí náà ẹ má ṣe tètè wọ bùbá funfun sábẹ́ rẹ̀. Ẹ dá a fọ̀, kí ẹ sì sá a sábẹ́ òjìji. Bí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n rán agbádá tán, ẹ fi rán fìlà.