Kí Ìṣáwùrú Tó Kó Àtọ̀sí Ajá Ràn Wá, Àwa La Kọ́kọ́ Kó O Ràn Án

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, tí àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú bá fà, tí omi wọn kò ṣàn mọ́ bí kò ṣe pé ó dúró sínú kòtò kòtò, ẹ wo ìdí koríko àti ara ewé tó ti jẹrà létí omi dáadáa. Ẹ lè rí ìṣáwùrú kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ọn, tí èyí tó tóbi jù nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí ìka ọwọ́ lọ. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ará etí òkun ń sè jẹ, nítorí pé kò ní ìdérí tó fi ń ti ẹnu ìkarahun rẹ̀. Bí ẹ bá rí òfìfo ìkarahun rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí ẹ gbé e dání kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí yín, apá òsì ni ẹnu náà yóò wà. Bulinus ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Àrùn tó ń gba inú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí àtọ̀sí ajá, èyí tí ọmọ fi ń tọ ẹ̀jẹ̀, pàápàá ní ìparí ìtọ̀. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá tọ̀ síbi tí ajá ti tọ̀ ló ń ní in, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò kan ajá rárá. Àwọn mìíràn ní àmì pé ọmọkùnrin ń bàlágà ni. Ìyá kan sọ fún mi lọ́jà Ìsánlú pé gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ òun ló ṣe irú rẹ̀, tó sì lọ fúnra rẹ̀. Ó yé mi ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ náà lè dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n aràn tó fà á lè wà láàyè nínú ara fún ọdún 3 sí 10, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣáwùrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò ní aràn kankan lára. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ń kó o. Aràn náà, Schistosoma haematobium, ń gbé takọtabo nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, abo a sì wọ inú kòtò gígùn tó wà lára akọ, ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Ẹyin tí abo ń yé ní ṣóńṣó bí ẹ̀gún ní ìdí, òun ló ń ya ara àpò ìtọ̀ kọjá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Bí ẹni tó ní in bá tọ̀ sínú odò, ẹyin yóò pa, ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí yóò jáde, yóò sì máa lúwẹ̀ẹ́ wá ìṣáwùrú kiri. Bí kò bá rí i láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ó kú nìyẹn. Bí ó bá rí i, yóò wọ inú ẹran ara rẹ̀, yóò sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀ láìgùn láìyé, tó fi jẹ́ pé ẹyọ kan tó wọlé lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìṣáwùrú pẹ̀lú ń jìyà, nítorí pé ọ̀pọ̀ èyí tó bá ní in kì í lè yé ẹyin mọ́, wọ́n sì máa ń tètè kú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdin onírù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń pè wọ́n jáde, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì máa ń pọ̀ jù lọ nínú omi. Nǹkan bí ọjọ́ méjì ni wọ́n lè gbé kí wọ́n tó kú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún wọn láti gba awọ ara wọlé, láìsí ọgbẹ́, láìjẹ́ pé ẹni náà mu omi ọ̀hún. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹyin inú ìtọ̀ ènìyàn pẹ̀lú, láàárín agogo 10 àárọ̀ sí agogo 2 ọ̀sán ló máa ń pọ̀ jù. Wákàtí tí ooru ń lé ọmọ wọ odò, tí ó ń tọ̀ síbẹ̀ bó ti ń ṣeré, náà ni ẹyin aràn ń jáde lára ọmọ tí ìdin rẹ̀ sì ń jáde lára ìṣáwùrú.

Ọdún 1851 ni Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, rí aràn yìí nínú òkú tó yẹ̀ wò ní Káírò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà wọ ara ṣòro láti mọ̀. Àwọn ará Japan, Miyairi àti Suzuki, ló kọ́kọ́ fi hàn ní 1913 pé inú ìṣáwùrú ni irú tiwọn ti ń dàgbà, Robert Leiper sì fi ìdí ti Íjíbítì múlẹ̀ ní 1915.

Níbikíbi tí a bá ti dí omi mọ́lẹ̀, ìṣáwùrú a máa rí ibùgbé. Lẹ́yìn tí wọ́n parí dáàmù Akosombo ní Gánà ní 1965, àtọ̀sí ajá gbilẹ̀ gidigidi láàárín àwọn tó ń gbé etí adágún náà. Àwa náà ní dáàmù Kampe ní ìlú Omi, tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ oko. Ó yẹ kí á máa fi ojú tó ṣọ́ra wo àwọn ipa omi rẹ̀ àti àwọn àkùrọ̀ tó ń mu nínú rẹ̀.

Praziquantel ni oògùn rẹ̀, mílígíráàmù 40 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ kì í pa aràn tí kò tíì dàgbà, kò sì dáàbò bo ẹni tó tún padà wọ omi. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń pín in, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sódò àti ọkùnrin tó ń dá oko àkùrọ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé níbi tí àrùn náà bá pọ̀, kí wọ́n fún àgbàlagbà pẹ̀lú, àti ọmọ láti ọdún 2. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ká mi lára. Ẹyin aràn a máa há sí ojú ara àti ọ̀nà ọmọ, ó ń fa egbò àti ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dí oyún lọ́wọ́, àmọ́ àwọn ènìyàn á máa fura sí ìwà ọmọbìnrin tí kò mọ ọkùnrin rí. Nínú àwọn tí kò gba ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Níbi tí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí á pọn omi ní kùtùkùtù, kí á sẹ́ ìṣáwùrú kúrò nínú rẹ̀, kí á sì jẹ́ kó wà nínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kí ọmọ tó fi wẹ̀. Kí á sì gbẹ́ ilé ìtọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà odò, jìnnà sí omi, nítorí pé ọmọ tí kò bá ríbi tọ̀ sí, odò náà ni yóò tọ̀ sí. Bí ẹ bá sì mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ láàárín agogo 10 sí agogo 2, kí ọmọ sáré díẹ̀ kó tó tọ̀, kí wọ́n sì rí i pé ìkán tó kẹ́yìn wọ inú ike náà.