Iná kì í pa ẹ̀kan

Pápá tí wọ́n dáná sun lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbà kọjá láàárọ̀ yìí. Ilẹ̀ ṣì dúdú, àmọ́ koríko ẹ̀kan ti yọ, òmíràn tiẹ̀ ti ń yọ òdòdó funfun bí òwú. Ta ló ní iná ń pa á? Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó ní oríkèé-oríkèé, abẹ́ ilẹ̀ ló sá sí. Iná kì í dé ibẹ̀.

Ẹ má fi ọkọ́ gé e wẹ́wẹ́ sínú ilẹ̀ tútù o. Oríkèé kan ṣoṣo tó, yóò tún hù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ tú ilẹ̀ náà, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ ṣa gbòǹgbò síta fún oòrùn. Tí òjò bá dé, ẹ gbin mùkúnà, irúgbìn bí ẹ̀wà tó máa ń tàn bo ilẹ̀, sí i. Ẹ̀kan ò lè fara da ibòji. Ẹni tó fẹ́ fín oògùn apakoríko, ewé tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni kó fín. Ewé gbígbẹ kì í gbé oògùn dé gbòǹgbò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbin iṣu, ẹ ṣọ́ra: ṣóńṣó gbòǹgbò yẹn máa ń gún iṣu wọnú, ibẹ̀ ni ìjẹrà ń gbà wọlé.