Bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ àga

Ọjọ́bọ̀, Abẹ́òkúta

Ọ̀la ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mi fún iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ Jàpáànì ní Gẹ̀ẹ́sì. Aago 8 àárọ̀ ni wọ́n fi sí, ìyẹn aago 4 ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn ní Tókíyò. Iṣẹ́jú 10 péré ni mo ní láti fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lójú fóònù. Méjì nínú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò yóò ṣe bí ọmọ ọdún 8, wọ́n sì ti sọ pé àwọn máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Láti 2020 ni àwọn ọmọ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí yẹn náà sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ́ wọn: "in", "on" àti "under". Bọ́ọ̀lù kékeré kan, àga kan, abọ́ ike kan, ó tán. Mo ta àdìrẹ Màmá mọ́ ògiri lẹ́yìn mi kí ojú ibẹ̀ lè dára.

Àná ni mo pe àwọn ìbejì ilé kejì pé kí wọ́n wá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ fún mi, mo sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lálẹ́, inú mi bàjẹ́. Èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé àlàyé. Mo wá bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe máa ń bi àwa náà ní kékeré: "Do you understand?" Wọ́n pa ohùn pọ̀, "Yes, ma!" Ó dùn létí. Mo ti bọ́ọ̀lù sábẹ́ àga, mo ní kí Kẹ́hìndé sọ ibi tó wà. "On," ló wí, ó sì ń wojú mi bóyá ó gbà á.

Ìko wà lọ́wọ́ Màmá, wọ́n ń di aṣọ, nígbà tí mo lọ rojọ́ fún wọn. Wọ́n ní, "Bí mo bá ń bá ọmọ iṣẹ́ di tiẹ̀, ìgbà wo ló máa mọ̀ ọ́n dì? Màá di ẹyọ kan kó rí i, màá gbé aṣọ fún un, ojú mi á wà lára ọwọ́ ẹ̀." Mo padà sí yàrá, mo fa ìdajì ohun tí mo kọ ya.

Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é kí wọ́n rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan á dijú, èkejì á gbé bọ́ọ̀lù pamọ́, wọ́n á sì máa bi ara wọn. Mo kà á nínú ohùn tí mo gbà: lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Táyé la ẹnu, lónìí, ó lé ní ọgbọ̀n.

Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ló wá kù. "Bọ́ọ̀lù" ni Táyé ń pe "ball". Mo ti fẹ́ tún un ṣe kíá kí n tó rántí pé "bōru" ni wọ́n ń pè é ní Jàpáànì. Bọ́ọ̀sì tiwa, "basu" ni tiwọn. Mílíìkì, "miruku". Yàtọ̀ sí "n", èdè wọn kì í fẹ́ parí ọ̀rọ̀ láìsí fáwẹ́ẹ̀lì, tiwa náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìpolówó irú iṣẹ́ yìí ló ń kọ ọ́ pé àwọn tí wọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ làwọn ń wá, ó sì ti dùn mí gan-an rí. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ yẹn ti máa kọsẹ̀, èmi náà ti fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀, mo sì mọ bí mo ṣe dìde.

Mo na ọwọ́ mi, mo pe "ball". Bí ahọ́n mi ṣe kan àjà ẹnu ni mo di ẹ̀ṣẹ́: ẹ̀ṣẹ́ dì, ohùn dúró. Táyé ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, "ù" ṣì ń yọ́ jáde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di ẹ̀ṣẹ́ títí apá ẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ball." Ẹnu ẹ̀ ṣì là sílẹ̀, mo rí ahọ́n ẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ òkè. Kẹ́hìndé pàtẹ́wọ́ fún un kí n tó pàtẹ́wọ́.

Mo ti bẹ Ìyá Ìbejì pé kí wọ́n má tan jẹnẹrétọ̀ lọ́la títí di aago 8 ààbọ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.