Igún tá ò rí nílé mọ́, ojú ọ̀run Tarifa ló wà

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní Spéènì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá ìsàlẹ̀ níbí, Jerez, Algeciras, Huelva, Sevilla, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa jáde lọ sínú igbó. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ọjọ́ ìsinmi ò ju ẹyọ kan lọ lọ́sẹ̀, a fẹ́ sùn, a fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a fẹ́ fi fídíò kọ́ọ̀lù pe ilé, ta ló wá fẹ́ máa rìn kiri inú igbó nígbà tí kì í ṣe ọdẹ tí kì í ṣe àgbẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ farabalẹ̀ kà á tán ná.

Màmá àgbà kan ni mò ń tọ́jú ní Jerez, fèrèsé yàrá wọn kọjú sí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan, ẹyẹ àkọ̀ ti kọ́ ìtẹ́ sí téńté orí ẹ̀, igi gbígbẹ lórí igi gbígbẹ. Ẹyẹ yẹn kì í ké, àgógó ẹ̀ ló máa ń gbá mọ́ra wọn, kà-kà-kà-kà-kà, ẹ ó máa gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Màmá ló sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí ooru bá ti mú dáadáa báyìí àkọ̀ á ti lọ sí Áfíríkà, ó di nǹkan bí ọjọ́ San Blas, ìyẹn 3 February, kí wọ́n tó tún fojú kàn án. Ní báyìí púpọ̀ nínú wọn ò lọ mọ́, wọ́n ti rí oúnjẹ ní ààtàn, kí ni wọ́n tún ń rin ìrìn àjò fún. Àwọn tó ṣì ń lọ, Tarifa ni wọ́n ń gbà, ìlú etíkun kan nísàlẹ̀ Spéènì tó dojú kọ Mòrókò, Màmá sì ní kí n lọ wò ó. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kì í wá ṣe àkọ̀ ló mú ọkàn mi jù. Igún ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, igún ò wọ́n lójú wa, wọ́n á tò sórí páànù ní odò ẹran, tí àwọn alápatà bá ti da nǹkan nù wọ́n á ya bò ó, kò sẹ́ni tó ń lé wọn, kò sẹ́ni tó ń jù wọ́n lókùúta. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi lójú débi pé mo gbà pé títí ayé ni igún máa wà níbẹ̀. Nígbà tí mo délé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo bi bọ̀ọ̀dá mi pé igún dà, wọ́n ronú ronú, wọ́n ní àwọn ò rántí ìgbà tí àwọn rí i kẹ́yìn. Ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà kẹ́ ẹ wá wo orí igún, wọ́n ń tà á fún oògùn, ìyẹn sì wà lára ohun tó pa wọ́n run nílẹ̀ Yorùbá. Igún tiwa yẹn, IUCN tó ń kọ orúkọ àwọn ẹranko tó fẹ́ parẹ́ láyé sílẹ̀ ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu jù lọ. Ó dùn mí gan-an o.

Ẹ wá fọkàn yàwòrán bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo dé Bolonia, ẹ̀gbẹ́ Tarifa níbẹ̀, etíkun tí òkè iyanrìn ńlá wà, tí ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù kọ́, Baelo Claudia, ṣì wà létí omi. Gbogbo èèyàn dojú kọ òkun. Tẹ́ ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí òkun tẹ́ ẹ gba títì tó gòkè lọ sí Sierra de la Plata, àpáta kan wà, igún ló kún ara ẹ̀. Igún ńlá o, kì í ṣe èyí kékeré tilé wa, buitre leonado ni wọ́n ń pè é níbí, tó bá na apá méjèèjì ó lé ní mítà 2, ó sì lè fò kọjá lókè orí yín kẹ́ ẹ máa gbọ́ atẹ́gùn nínú ìyẹ́ ẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mi ò lè sọ̀rọ̀. Inú mi dùn, ó sì tún ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kò fìgbà gbogbo rí báyìí níbí o. Láyé àtijọ́ àwọn ará Spéènì náà ń pa wọ́n, wọ́n ń fi májèlé sínú ẹran sílẹ̀ nínú oko torí ìkookò àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, igún á jẹ nínú ẹ̀ á kú, kódà ìjọba máa ń sanwó fún ẹni tó bá pa ẹranko tí wọ́n kà sí apanirun. Nígbà tí wọ́n ka igún káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1979, nǹkan bíi 3,000 tọkọtaya ló kù. Òfin dé, wọ́n fòfin gbèjà wọn, ó ń pọ̀ sí i. Àfìgbà tí àrùn màálù wèrè tún bẹ́ sílẹ̀, ní bíi 2001, wọ́n ní àgbẹ̀ ò gbọdọ̀ fi òkú ẹran sílẹ̀ nínú pápá mọ́, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ sun, bí ebi ṣe mú igún nìyẹn, títí Yúróòpù fi tún òfin ọ̀hún ṣe ní 2009 tí wọ́n fi lè máa rí òkú ẹran jẹ padà. Nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2018, ó ti ju 30,000 tọkọtaya lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan ní Yúróòpù tó ní igún tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn ló fẹ́ pa á run, èèyàn náà ló pinnu pé kó má parẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún bọ̀ọ̀dá mi lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Tarifa fúnra ẹ̀. Láti ibẹ̀ sí Mòrókò, níbi tí omi ti há jù, kìlómítà 14 péré ni, òkè Jebel Musa wà níwájú yín gbangba. Àwọn ẹyẹ ńlá wọ̀nyí, àkọ̀, igún, àwòdì, idì, kì í fẹ́ máa ju apá, ó máa ń rẹ̀ wọ́n, ooru tó ń gòkè látinú ilẹ̀ ni wọ́n ń gùn, wọ́n á máa yí po, á máa gbé wọn sókè, wọ́n á wá na apá gbọọrọ wọ́n á ṣàn lọ. Irú ooru yẹn kì í ru sókè lójú omi. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń wá ibi tí omi ti kéré jù, wọ́n á kó ara wọn jọ sí ojú kan. Tí atẹ́gùn Levante tó ń ti ìlà oòrùn wá bá ń jà, wọn ò ní gbéra, wọ́n á dúró sórí igi àti sínú pápá, ọjọ́ kan ọjọ́ méjì, tó bá wá rọlẹ̀, yéè! gbogbo ojú ọ̀run á kún. Àwọn igún tí kò bá gbó dáadáa, òmíràn máa ń já sínú òkun nígbà míì, ó rì nìyẹn.

Òmíràn tún wà láàárín wọn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn igún ọ̀dọ́ ilẹ̀ Spéènì máa ń sọdá lọ́wọ́ October sí November, wọ́n á dé Senegal, wọ́n á dé Mali, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ìran igún míì tó jẹ́ ti Sàhẹ́lì, èyí tí wọ́n ń pè ní Rüppell, òun náà wà nínú ewu jù lọ, tí wọ́n bá ń padà bọ̀ díẹ̀ nínú ìyẹn á bá wọn wá sí Spéènì. Ó dúdú ju tibí lọ, etí ìyẹ́ ẹ̀ funfun, ara ẹ̀ rí tótòtó, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní buitre moteado níbí. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn òyìnbó tó wá wo ẹyẹ tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo tí wọ́n ń nawọ́ sókè, ẹ wo òkè o, ó lè jẹ́ òun.

Gbogbo orí òkè tó yí Tarifa ká, ẹ̀rọ ńlá-ńlá tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná ló wà níbẹ̀, ó sì ti gé igún púpọ̀ lulẹ̀. Wọ́n wá gba àwọn èèyàn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa wo òkè, tí wọ́n bá rí igún tó ń bọ̀ wọ́n á pe ọ́fíìsì, wọ́n á pa ẹ̀rọ yẹn títí ẹyẹ á fi kọjá. Ikú igún dín kù ní ìdajì, iná tí wọ́n pàdánù ò sì tó nǹkan. Mo fẹ́ràn èyí gan-an ni. Ẹnì kan dúró nínú oòrùn torí kí igún má baà kú.

Kì í wá ṣe ojú ọ̀run nìkan lẹ ó máa wò. Láti February lọ dé May ni igbó dùn jù, òdòdó á ti bo ilẹ̀, ewé jara, igi kékeré kan, á máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, òórùn romero, ewé tí òyìnbó ń pè ní rosemary, lẹ ó máa gbọ́ kiri. Ní Los Alcornocales, ẹ̀yìn Alcalá de los Gazules, igi tí wọ́n ń rí kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì lára ẹ̀ ló pọ̀ jù, àáké ni wọ́n fi ń bó èèpo ẹ̀ lásìkò ooru, igi náà ò ní kú, ara ẹ̀ á pọ́n fòò, ó tó ọdún 9 kí wọ́n tó tún lè bó o. Àwọn àgbàlagbà á máa já tagarnina lẹ́bàá ọ̀nà, ewébẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó korò díẹ̀ bíi yánrin wa, mo ti fi se ọbẹ̀ rí, ó bá ẹ̀gúsí mu dáadáa. Lékeelékee ń bẹ lẹ́sẹ̀ màálù, ẹ̀yin náà lè bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní èkánná funfun. Alágẹmọ náà wà o! Ní Punta Umbría, lápá Huelva, lórí igi kékeré tó wà nínú iyanrìn etíkun, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án, òfin ò gbà kéèyàn mú un, ẹ sáà máa wò ó.

Ẹ má bẹ̀rù pé ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ wà. Ọ̀nà tí àwọn darandaran ń gbà láyé àtijọ́, vía pecuaria, ti gbogbo ìlú ni, òfin 1995 ló sọ bẹ́ẹ̀, òmíràn fẹ̀ tó mítà 75. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí pátákó kékeré tó pín sí dúdú àti funfun, àwọn ọdẹ ló ni ibẹ̀, lásìkò ọdẹ ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ kedere kẹ́ ẹ má sì kúrò lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ganado bravo ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ yẹra pátápátá, akọ màálù tí wọ́n ń sìn fún ìjà ni. Lábẹ́ igi páìnì ní February sí April, kòkòrò onírun kan máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí ilẹ̀, procesionaria, irun ẹ̀ burú, á mú ara wú, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú. Ẹ yẹ ara wò fún eégbọn. Géètì tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ tì í. July àti August, ẹ ti gbọ́dọ̀ padà sílé kó tó di agogo mọ́kànlá, ooru ibí ń pààyàn, lítà omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fìlà. Báínókúlà ò ní láti wọ́n, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára. Áàpù kan wà fún fóònù, Merlin, á gbọ́ ohùn ẹyẹ á sọ orúkọ ẹ̀, ẹ ti gbà á sórí fóònù yín láti ilé torí nẹ́tíwọ̀kì.

Wọ́n á wò yín o, mi ò ní parọ́. Adúláwọ̀ tó gbé báínókúlà kọ́rùn, wọn ò rí i púpọ̀. Ẹ kí wọn. Àwọn ará oko níbí fẹ́ràn ìkíni, bàbá àgbà kan á dúró, á bi yín pé kí lẹ rí, á sì júwe ibi tí òwìwí ń sùn fún yín. Ẹ mú ìwé ìgbélùú yín dání, ẹ máa rìn lọ.

Àkọ̀ àti àwòdì ń kọjá láti July dé August. Idì tó ń jẹ ejò, ìparí September. Igún, October sí November. Bọ́ọ̀sì ń lọ láti Algeciras sí Tarifa, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ká jọ lọ, èmi àti àwọn ọmọ ìjọ wa kan ti ń múra ti October, ẹ kọ̀wé sí mi.